Ẹlẹ́pà Tó Di Aṣòfin: Ọ̀rọ̀ Lórí Jimmy Carter Kó Tó Di Ààrẹ

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn tẹ́ ò ríbi jókòó, ẹ má bínú. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn oníṣòwò tó ń wọ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, mo wá sọ fún wọn pé ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo ni màá mú, torí tí èèyàn bá ti ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí gbogbo wọn pọ̀, ọ̀rọ̀ òfútùfẹ́tẹ̀ ló máa ń dà. Ẹni tí mo mú ni Jimmy Carter. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń wò mí níbẹ̀ yẹn pé ṣebí ààrẹ Amẹ́ríkà nìyẹn, kí ló kàn án kan ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Ẹ fara balẹ̀. Kó tó di ààrẹ ní 1977, kó tó di gómìnà ní 1971, ó ṣe sẹ́nétọ̀ fún ọdún mẹ́rin ní ìpínlẹ̀ Georgia, 1963 sí 1967 (ìpínlẹ̀ lọ́hùn-ún ní Sẹ́nétì tiẹ̀, kì í ṣe èyí tó wà ní Washington là ń sọ), gbogbo ìgbà tó sì fi wà níbẹ̀, iṣẹ́ tó ń gbọ́ bùkátà ẹ̀ ni pé ó ń ra ẹ̀pà, ó ń ta ẹ̀pà. Apá ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn ẹ̀, àwọn èèyàn kì í sì í dúró níbẹ̀, wọ́n máa ń sáré kọjá lọ síbi Camp David, níbi tó ti bá Íjíbítì àti Ísírẹ́lì ṣètò àdéhùn àlàáfíà nígbà tó jẹ́ ààrẹ.

Wọ́n bí i lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá 1924 ní Plains, ìlú kékeré kan ní gúúsù Georgia. Bàbá ẹ̀, Earl, ní oko, ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń ta irúgbìn àti ajílẹ̀ fáwọn àgbẹ̀ ní àwìn. Ìyá ẹ̀, Lillian, nọ́ọ̀sì ni. Ọmọ náà ò tíì ju bíi ọdún márùn-ún lọ tó ti ń hú ẹ̀pà tútù lóko bàbá ẹ̀, ó ń sè é, ó ń dì í, ó sì ń kiri ẹ̀ ní títì. Èyí tó tiẹ̀ ya èmi lẹ́nu ni tòwú. Nígbà tó tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dojú dé, òwú ti já wálẹ̀ dé sẹ́ǹtì 5 lórí pọ́ùn kan, ó wá kó owó ẹ̀pà tó ti ń tọ́jú jáde, ó ra bélì òwú márùn-ún, ó tì í mọ́ ilé ìkẹ́rùsí bàbá ẹ̀, kò sì fọwọ́ kàn án. Ìgbà tí òwú gun òkè dé sẹ́ǹtì 18 lẹ́yìn ọdún mélòó kan ló tà á, ó fi ra ilé kéékèèké márùn-ún, ó ń gba rẹ́ǹtì lórí wọn. Ọmọdé o! Ẹ rántí ọmọ yìí nígbà tá a bá dé ibi tó ti ń bá àwọn àgbà òṣèlú fà á, torí ẹni tó lè ra ọjà kó jókòó tì í fún ọdún mélòó kan láìtà, ẹ ò lè fi ìdádúró dẹ́rù bà á.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òwò ló wù ú láyé, ológun ojú omi ló fẹ́ ṣe, ó sì ṣe é. Ó jáde nílé ẹ̀kọ́ wọn ní 1946, ó fẹ́ Rosalynn lọ́dún yẹn náà, ó wọ ọkọ̀ abẹ́ omi, ó wà lára àwọn tí Rickover, ọ̀gá ológun ojú omi, ṣà fún iṣẹ́ ọkọ̀ tó ń lo agbára núkílíà. Iṣẹ́ gidi. Àfi bó ṣe di 1953 tí jẹjẹrẹ pa bàbá ẹ̀. Earl ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí ilé aṣòfin Georgia ni o, 1952 ni wọ́n dìbò yàn án, kò tiẹ̀ lo ọdún kan dáadáa níbẹ̀. Ọmọ ẹ̀ gba ààyè wá sílé wá jókòó tì í, ó wá ń rí èèyàn tó ń wọlé léraléra, dúdú àti funfun, oníkálukú ń sọ oore tí bàbá náà ti ṣe fún òun níkọ̀kọ̀, gbèsè tó fagi lé, aṣọ tó rà fọ́mọ olómìíràn. Carter sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ibẹ̀ lòun ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara òun pé tóun náà bá kú, ta ló máa wá. Ó fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, ó kó ìyàwó àtọmọ padà sí Plains. Rosalynn ò fẹ́ rárá, ó bínú débi pé ọ̀rọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ wọ àárín wọn nínú mọ́tò tí wọ́n ń bọ̀. Èmi ò dá a lẹ́bi, ẹni tó ti gbé Hawaii tí wọ́n ní kó padà sí Plains.

Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ni ilé tí ìjọba kọ́ fáwọn tí owó wọn ò tó nǹkan. Ọ̀dá dá ní 1954, irè ò jáde, àwọn àgbẹ̀ tó gba ọjà àwìn ò rí nǹkan san, èrè ọdún àkọ́kọ́ yẹn ò tó nǹkan téèyàn ń fẹnu sọ. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé iṣẹ́ náà díẹ̀ torí ó ṣe pàtàkì. Tí wọ́n bá ní Carter ń ta ẹ̀pà, kì í ṣe pé ó jókòó ti àtẹ. Ilé ìkẹ́rùsí ló ní, ó ń ta irúgbìn, ajílẹ̀ àti oògùn kòkòrò fáwọn àgbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, àwìn ló pọ̀ jù níbẹ̀, tí wọ́n bá kórè, wọ́n á kó ẹ̀pà wá fún un, á wọ̀n ọ́n, á gbẹ ẹ́, á pa á, á tà á fáwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Lẹ́yìn náà ó wá dá lé irúgbìn ẹ̀pà tí wọ́n ti yẹ̀ wò, ibẹ̀ ni owó wà. Ẹni tó ń ṣe irú òwò yìí mọ gbèsè gbogbo ilé ládùúgbò, ó mọ ilẹ̀ tó dáa, ó mọ ẹni tó ń purọ́ lórí òṣùwọ̀n. Rosalynn ló sì wá ń tọ́jú ìwé owó, ó ra ìwé ìṣírò owó ó ń kọ́ ọ, kò sì pẹ́ tó fi mọ̀ jù ọ̀gá lọ, òun ló ń sọ fún ọkọ ẹ̀ pé apá ibí yìí nínú bísíńẹ̀ẹ̀sì ẹ ń pàdánù, pa á tì.

Lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà sọ ní 1954 pé wọn ò gbọ́dọ̀ ya ilé ìwé ọmọ dúdú sọ́tọ̀ mọ́, àwọn aláwọ̀ funfun ní gúúsù dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti fi dènà ẹ̀, White Citizens' Council, wọ́n sì fẹ́ kí gbogbo ọkùnrin funfun Plains wọ̀ ọ́. Carter ní òun ò wọ̀ ọ́. Àwọn kọ́sítọ́mà ẹ̀ wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní tó bá jẹ́ dọ́là 5 owó ẹgbẹ́ ló ń dùn ún, àwọn á bá a san án. Ó kọ̀. Wọ́n wá ní àwọn ò ní rà lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́, àwọn kan sì lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọ̀pọ̀ fi padà wá. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń fi ìtàn yìí sọ ọ́ di akọni, kò burú, ṣùgbọ́n ó wà nínú ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kaúńtì Sumter, níbi tí Plains wà, láti 1955, ó tiẹ̀ wá di alága ẹ̀, ọdún gorí ọdún ni wọ́n sì fi ya àwọn ọmọ sọ́tọ̀ lójú ẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ pariwo. Ọlọ́jà ni, ó mọ ìgbà tó máa kọ̀ àti ìgbà tó máa dákẹ́. Èmi kà á sí àléébù, ẹ lè má kà á sí bẹ́ẹ̀.

Ó yá, 1962. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dìbò ní Georgia tẹ́lẹ̀, ẹnu á yà yín. Kaúńtì 159 ló wà níbẹ̀, ẹ ṣáà mú un bí ìjọba ìbílẹ̀. Tí wọ́n bá ń dìbò abẹ́lé fún ipò gómìnà àtàwọn ipò bẹ́ẹ̀, kì í ṣe orí èèyàn ni wọ́n ń kà. Kaúńtì mẹ́jọ tó tóbi jù ní pọ́ìǹtì 6 lọ́kọ̀ọ̀kan, 30 tó tẹ̀lé wọn ní 4, àwọn 121 tó kù ní 2. Ó túmọ̀ sí pé Fulton, ibi tí Atlanta wà, tó ní èèyàn tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù, kaúńtì kéékèèké mẹ́ta lásán ló máa bá a dọ́gba. Ẹni tó bá ti di àwọn ọ̀gá kaúńtì kéékèèké mú, ó ti di Georgia mú nìyẹn. Ti Sẹ́nétì tiẹ̀ burú sí i, kaúńtì mẹ́ta mẹ́ta ló ń pín ìjókòó kan, wọ́n á máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn lọ́dún méjì méjì, kò sẹ́ni tó ń pẹ́ níbẹ̀ débi táá mọ iṣẹ́. Lọ́dún 1962 yìí ni ilé ẹjọ́ fọ́ gbogbo ẹ̀, wọ́n tún ẹkùn ìdìbò Sẹ́nétì pín, ẹkùn kẹrìnlá wá di kaúńtì méje, Plains sì wà níbẹ̀.

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá, ọjọ́ ìbí ẹ̀, ó pé ọmọ ọdún 38. Ó dìde láàárọ̀, dípò ṣòkòtò iṣẹ́ ó wọ ṣòkòtò òde, Rosalynn bi í pé òkú ta ló fẹ́ lọ sin, ó ní rárá, Americus lòun ń lọ, òun fẹ́ lọ kéde nínú ìwé ìròyìn pé òun fẹ́ dupò sẹ́nétọ̀. Ìgbà yẹn ni ìyàwó ẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́! Ìbò abẹ́lé ku ọjọ́ 15. Ẹni tó ń bá a du ipò náà, Homer Moore, oníṣòwò ẹ̀pà lòun náà, ó ní ilé ìkẹ́rùsí tiẹ̀ ní Richland. Ẹlẹ́pà méjì. Rosalynn gbé fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe gbogbo orúkọ tó wà nínú ìwé kọ́sítọ́mà.

Wọ́n dìbò ní ọjọ́ 16. Ní Georgetown, olú ìlú kaúńtì Quitman, ọ̀gá ibẹ̀ ni ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Joe Hurst, aṣòfin lòun náà, kò sẹ́ni tó ń ṣe nǹkan lẹ́yìn ẹ̀. Carter ti rán ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan, John Pope, lọ síbẹ̀ láti lọ wò ó. Ohun tí Pope rí nìyí: kò síbi téèyàn lè fara pamọ́ dìbò, orí káúńtà gbangba ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, Hurst dúró síbẹ̀, ó ń sọ fáwọn èèyàn pé Moore ni kí wọ́n dì fún, páálí tí wọ́n gé ojú ẹ̀ gbòòrò ni wọ́n fi ṣe àpótí ìbò, ọwọ́ gba inú ẹ̀ dáadáa, Hurst sì ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ń yọ èyí tí wọ́n ti jù sínú ẹ̀ wò. Lójú gbogbo ayé. Pope sáré pe Carter, Carter pe àwọn oníròyìn ibẹ̀, èyí tó wá nínú wọn wò ó, ó ní bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é níbí nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n ka gbogbo ẹkùn, ìbò 139 ni Moore fi borí, Quitman ló sì gbé e wọlé. Ẹ wá wo ìṣírò: èèyàn 333 ló wá dìbò ní Georgetown, ìwé ìbò 420 ló wà nínú páálí. Nígbà tí wọ́n yẹ orúkọ wò, 117 nínú wọn tò tẹ̀lé ara wọn A, B, C, bí ìgbà tí tíṣà bá ń pe rẹ́jísítà. Òkú wà níbẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́wọ̀n wà níbẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí, tó ń wọn ẹ̀pà lójoojúmọ́, tó mọ̀ pé ohun tó wọlé àtohun tó jáde gbọ́dọ̀ bára mu, ẹ ò lè gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ síwájú ẹ̀ kó lọ sùn. Ó wá lọ́yà ní Atlanta, Charles Kirbo, ọkùnrin kan tí kì í yára sọ̀rọ̀, oníròyìn Atlanta Journal kan, John Pennington, náà dé, ó ń gbé e jáde lójoojúmọ́. Wọ́n ṣí páálí níwájú adájọ́, kò sí ìwé orúkọ nínú ẹ̀, kò sí kùkùté ìwé ìbò, àmọ́ ìwé ìbò tó lé ní 100 wà níbẹ̀ tí wọ́n ká jọ, tí wọ́n fi rọ́bà dì. Ta ló ń dìbò pẹ̀lú rọ́bà? Wọ́n fagi lé Georgetown, Carter borí, Moore tún gba ilé ẹjọ́ lọ, ọ̀rọ̀ di fà á kí n fà á títí di alẹ́ tó ṣáájú ìbò gbogbogbò, débi pé kò dá ẹnikẹ́ni lójú orúkọ ta ló máa wà lórí ìwé ìbò. Ọwọ́ làwọn olùdìbò fi kọ orúkọ níbi púpọ̀. Carter ní 3,013, Moore ní 2,182. Síbẹ̀ náà, ó di oṣù kìíní 1963 tí igbákejì gómìnà pe orúkọ ẹ̀ nínú gbọ̀ngàn kọ́kàn ẹ̀ tó balẹ̀. Hurst fúnra ẹ̀, ilé ẹjọ́ padà dá a lẹ́bi lórí màgòmágó ìbò.

Ẹ jẹ́ n fò síwájú díẹ̀ torí pé ó kan ilé wa. Ẹni tó rí 333 àti 420 yìí, ọjọ́ ogbó ẹ̀ ló fi ń yí ayé ká pẹ̀lú Carter Center, àjọ tó dá sílẹ̀, láti wo bí wọ́n ṣe ń dìbò, ìbò tó lé ní ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ti wò. Oṣù kejì 1999 ó wà ní Nàìjíríà, ìbò ààrẹ, Ọbásanjọ́ àti Fálaè. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni Ọbásanjọ́ o, òun ló gbà á lálejò l'Ékòó ní 1978. Síbẹ̀ Carter kọ lẹ́tà sí INEC kó tó lọ, ó ní iye èèyàn tí àwọn rí níbi ìdìbò àti iye ìbò tí wọ́n kà kò bára mu láwọn ibì kan, àwọn ò sì lè sọ bó ṣe rí gan-an. Ẹ lè sọ pé ó yẹ kó sọ̀rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Tóò, ó ti wọlé, kí ló ṣe níbẹ̀? Ohun tó ṣèlérí lákòókò kámpéènì ni pé gbogbo bíìlì tó bá wá síwájú òun lòun máa kà kóun tó dìbò lé e. Àwọn tó mọ ilé aṣòfin rẹ́rìn-ín. Nígbà tó débẹ̀ ló rí i pé ìwé tó wà nílẹ̀ pọ̀ ju èèyàn lọ, ó lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìwé kíkà kíákíá. Ó ń jí dé ọ́fíìsì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ mọ̀ pé nínú bíìlì ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, ìdajì ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kéékèèké, ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ nínú owó orí, ilé iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fún láǹfààní, wọ́n á sì kọ ọ́ lọ́nà tí kò ní hàn. Ẹlẹ́pà wa ń rí wọn. Kò mú kí wọ́n fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń bẹ̀rù àtimú nǹkan wá síwájú ẹ̀ láìtún un wò. Lára ohun tó kọ́kọ́ dìde sọ̀rọ̀ lé lórí ni ìdánwò ìbéèrè 30 tí wọ́n fi ń dí àwọn dúdú lọ́wọ́ láti forúkọ sílẹ̀ ìbò, ó ní kó kúrò. Ó tún jà kí kọ́lẹ́jì Americus di èyí tí wọ́n ń lò ọdún mẹ́rin níbẹ̀, ó rí i ṣe, ìyẹn sì ni nǹkan tí àwọn ará ilé ẹ̀ ń rántí jù. Wọ́n tún un yàn ní 1964.

Àmọ́ ohun kan wà tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbójú fò. Iṣẹ́ aṣòfin Georgia kì í ṣe iṣẹ́ ọdún gbogbo. Títí dòní, ọjọ́ 40 ni òfin gbà kí wọ́n fi jókòó ìjókòó ọdọọdún, láyé Carter náà oṣù díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọdún ni, owó oṣù ẹ̀ ò sì lè bọ́ ìdílé. Èrò tó wà níbẹ̀ ni pé kí àgbẹ̀, lọ́yà, oníṣọ́ọ̀bù wá ṣòfin, kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó dáa, àbí? Ó dáa, ṣùgbọ́n ó tún túmọ̀ sí pé ẹni tó ń dìbò lórí owó orí ajílẹ̀ lè jẹ́ ẹni tó ń ta ajílẹ̀. Àti pé ta ló lè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù méjì? Òṣìṣẹ́ fákítírì ò lè ṣe é. Carter lè ṣe é torí pé Rosalynn wà nílé tó ń rí sí ilé ìkẹ́rùsí, òun àti Billy, àbúrò Carter. Kí a sọ òótọ́, èèyàn méjì ni wọ́n dìbò yàn, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n bú ìbúra fún.

Èyí tó kù màá sáré sọ ọ́. 1966 ó du gómìnà, ó ṣe ipò kẹta nínú ìbò abẹ́lé, Lester Maddox, ẹlẹ́yàmẹ̀yà pọ́ńbélé, ló padà gba ipò náà. 1970 ó tún jáde, ọ̀nà tó sì gbà wọlé lọ́tẹ̀ yìí ò mọ́ tó, ó fi ojú rere wo àwọn tó fẹ́ kí dúdú àti funfun wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n lè dìbò fún un. Ọjọ́ tó ń gba ọ̀pá àṣẹ, 12 oṣù kìíní 1971, ó dìde, ó ní àsìkò ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti tán. Inú bí àwọn kan tó dìbò fún un gan-an. Ó kó nǹkan bí ẹ̀ka ìjọba 300 jọ, ó sọ wọ́n di 22. Ó di ààrẹ 1977 sí 1981. Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Washington ní nǹkan tó gbé e dé ibẹ̀ náà ló ń dà á láàmú níbẹ̀, pé ó fẹ́ ka gbogbo ìwé. Orílẹ̀-èdè kì í ṣe ilé ìkẹ́rùsí, ìwé ibẹ̀ kì í tán.

Bísíńẹ̀ẹ̀sì ńkọ́? Ìgbà tó ń wọ White House, ó fi ohun ìní ẹ̀ sọ́wọ́ Kirbo, lọ́yà ọjọ́sí, kí òun má baà mọ ohun tó ń lọ níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó ń fi ipò ta ẹ̀pà. Wọ́n ṣì sọ ọ́. Ilé ìkẹ́rùsí yẹn ti yá owó ńlá ní National Bank of Georgia nígbà tí Bert Lance, ọ̀rẹ́ ẹ̀, jẹ́ ọ̀gá báńkì náà, àwọn èèyàn wá ń bèèrè pé ṣé kò sí lára owó yẹn tó gba ẹ̀yìn bọ́ sínú kámpéènì. 1979 wọ́n yan lọ́yà àgbà kan, Paul Curran, láti tú u wò. Ààrẹ tó wà lórí oyè jókòó, ó ń dáhùn ìbéèrè lórí ìwé ṣọ́ọ̀bù. Oṣù kẹwàá ọdún yẹn Curran ní òun ò rí ẹ̀sùn kankan tóun lè fi kàn án.

Kó tó padà dé Plains ní 1981, bísíńẹ̀ẹ̀sì náà ti jẹ gbèsè bíi mílíọ̀nù 1 dọ́là. Ọ̀dá wà níbẹ̀, àbójútó tí kò dáa wà níbẹ̀, ẹni tó mọ ìwé náà, Rosalynn, ti wà ní Washington fún ọdún mẹ́rin. Wọ́n ta ilé ìkẹ́rùsí, ilẹ̀ ni wọ́n ṣẹ́kù mọ́wọ́. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé torí owó, ó kọ tó 30 ó tún lé, kò sì jókòó sí ilé iṣẹ́ ńlá kankan bíi dírẹ́kítọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ṣe ipò yẹn ṣe máa ń ṣe. Inú ilé tí wọ́n kọ́ ní 1961 ló gbé títí tó fi kú ní 29 oṣù kejìlá 2024, lẹ́ni ọgọ́rùn-ún ọdún.

Mo rí ọwọ́ lókè lẹ́yìn yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fẹ́ bi mí nípa ìbò 1970 yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún ní makirofóònù, mo mọ̀ pé mo sáré kọjá lórí ẹ̀.